Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Fausto

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kejìlá 2014. San Pedro.
Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tún wú. Mo fi yìnyín dì í. Mireya ìyàwó mi ní kí ló dé. Mo ní kò sí ajubọ́ọ̀lù tí kì í ṣe é. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi apá yìí jẹun nínú bésíbọ́ọ̀lù. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, 10.
A ṣe ìgbáradì. Fausto ló ń hán bọ́ọ̀lù tí mo bá jù, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ògiri ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — bọ́ọ̀lù kì í gba ara ẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo ju nǹkan bí ogún, ó dìde wá bá mi. Ó ní, "Eladio, bọ́ọ̀lù ẹ ò dún lọ́wọ́ mi mọ́. Kí ló ń ṣe apá yẹn?" Mo ní kó lọ fọ etí ẹ̀. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 11.
Òjò. Mo sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 12.
Don Nicanor, kóòṣì wa, ní èmi ni màá jù lọ́jọ́ Àìkú. Tí wọ́n bá fi lù wá, ìdíje tọdún yìí parí fún wa nìyẹn. Mo ní kò séwu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13.
Ògiri ti lọ sọ. Don Nicanor pe àwa méjèèjì. Ó ní, "Fausto ní apá ẹ ti bàjẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ògiri ń wolẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ni, bàbá. Orúnkún tiẹ̀ ló ti gbó, ó wá ń wá ẹni tí wọ́n á jọ jókòó sílé." Ẹnu mi ló ti jáde. Don Nicanor ní ẹlòmíì ni yóò hán bọ́ọ̀lù lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú, 14.
A borí. Mẹ́ta sí ọ̀kan. Ọ̀sán gangan, oòrùn bí iná. Abala mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ni mo jù — láti ìkẹrin ni mi ò ti mọ̀ bóyá ìka mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo pápá ń pariwo orúkọ mi. Ògiri wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pa á tọkàntọkàn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, 15.
Mi ò lè de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Mireya bá mi dè é. Dókítà ní iṣan ti já pátápátá. Ó ní ká ní mo ti wá ṣáájú eré àná ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16.
Mo jẹ́wọ́ fún don Nicanor. Ó ní Fausto ti kó ẹrù ẹ̀ lánàá, ó ní òun ò ṣe mọ́. "Ó bẹ̀ mí pé kí n má lé ẹ."

Mo lọ sílé Fausto. Ìyàwó ẹ̀ nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Fausto jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà òtílí sínú abọ́. Mo ní, "Mo purọ́ mọ́ ẹ."

Ó ní, "Mo kúkú wà níbẹ̀."

Ó fẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi, ó da òtílí díẹ̀ síwájú mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń bó o. Ó ń falẹ̀. Nígbà tó bó tiẹ̀ tán, ó nawọ́, ó kó nínú tèmi.