Ewé Wo Ló Wà Nínú Ìgò Náà?

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ yín. Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́? Èmi wà dáadáa. Èrò pọ̀ níbí, ojúlùmọ̀ ni ò sí. Odindi ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó pè mí lórúkọ.

Oògùn ewé tí ẹ fi ránṣẹ́ nítorí kòkòrò àrùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àwa méjèèjì ti dé. Inú mi dùn débi pé ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ni mo gbé e sí. Àmọ́ mi ò rí orúkọ ewé kankan lára ìgò, ni mo bá gbé e lọ bá obìnrin tó ń ta oògùn òyìnbó nítòsí ilé ìwé wa.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ewé ni, mà."

"Ewé náà ò ní bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní àwọn ewé kan máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Mi ò tíì lò ó. Ẹ má bínú. Ẹ bá mi bi ẹni tó ṣe é: ewé wo ni? Ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò lẹ́yìn tó lò ó?

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí: ẹ ní ẹ̀yin náà ń lò ó, ẹ ò sì dárúkọ oògùn ọsibítù yín mọ́. Àǹtí, ṣé ẹ ti dá a dúró ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ wa. Mò ń retí èsì yín, kódà bó jẹ́ èébú ló kún inú ẹ̀.

Èmi ọmọ yín.