Mo Ní N Kò Mọ Bàbá Ràfíù

Ṣakí, ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹjọ 1978.

Ojú ń tì mí. Mo ṣèlérí fún Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa, pé bí ìjọ wa bá lọ wàásù lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, màá bá wọn kí ọkọ wọn. Bàbá yẹn ló kọ́ mi ní ebè kíkọ.

Nígbà tí a dé ọgbà ẹ̀wọ̀n lónìí, Bàbá rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ ń wò mí.

Wọ́dà bi mí pé, "O mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Bàbá ní, "Ojú ló jọra, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ó máa wàásù ẹ̀."

Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé n kì í sẹ́ ènìyàn mi.

Ìyá Ràfíù ti jókòó dè mí nílé. Mo ní Bàbá kí wọn. Wọ́n ń súre fún mi, n kò lè ṣe àmín.