Ojú Ewé Owó-Orí Kò Sí Nínú Ìwé Wọn

                                        Ojúlé Kejìlélógún,
                                        Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjù,
                                        Nítòsí Àkúrẹ́.
                                        18 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Oyèníyì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni Oǹdó wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ìyà ìlú yìí ò tíì lù yín pa? Orúnkún rẹ ńkọ́? Orúnkún tí o fi lé mi wọ inú oko kòkó nígbà tí o jẹ́ agbowó-orí lọ́dún 1972, ṣé òun náà ló ń dùn ọ́ báyìí? Ọlọ́run ń gbẹ̀san! Mo ń ṣeré ni o, àmọ́ inú ń bí mi.

Ọkọ̀ àwọn tó ń fọ́ òkúta ló wó afárá wa. Ẹsẹ̀ Mojísọ́lá ìyàwó mi ń gba ìtọ́jú ní Àkúrẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pípọ̀n ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n kọjá odò bí ọmọ ọwọ́. Àgbàlagbà obìnrin! Ìjọba ní kò sówó. Lawrence, máníjà iléeṣẹ́ òkúta náà, ní àwọn ti san owó-orí, ká lọ bi ìjọba. Èló? Ó ní àṣírí iléeṣẹ́ ni.

Iléeṣẹ́ náà wá tẹ ìwé kan, ó ń dán bíi bàtà ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n ní ìròyìn bí àwọn ṣe ń tọ́jú ìlú àti ilẹ̀ dọjọ́ iwájú ni. Igi mẹ́wàá tí wọ́n gbìn wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ti jẹ mẹ́jọ. Àwòrán tèmi náà wà níbẹ̀, mo ń fi eyín mẹ́rin rẹ́rìn-ín. Mo ṣí i tán, n ò rí owó-orí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

O mọ̀ pé èmi ni mò ń ké orúkọ àwọn tó mú ọrẹ wá níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Opó tó mú igba náírà wá, a ó ké e. Ẹni tó mú iṣu méjì wá, a ó ké e. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní àṣírí. Lánàá, Lawrence mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà wá. Mo ké e, ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo bá gbé máìkì sí i lẹ́nu: “Ọ̀gá, a ti gbọ́ ti Ọlọ́run. Èló lẹ fún ìjọba, ká ké ìyẹn náà?”

Ó rẹ́rìn-ín: “Bàbá, ẹ kì í yéé ṣeré!”

Mo ní ẹni tí wọ́n ń pọn ìyàwó rẹ̀ kì í ṣeré. Ni ìyá arúgbó kan bá pariwo látẹ̀yìn: “Ẹ ké e!” Gbogbo ìjọ gbè é: “Ẹ ké e! Ẹ ké e!” Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, já máìkì gbà, ó ní ká kọrin.

Láàárọ̀ yìí ni Lawrence ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ síwèé pé inú ìlú dùn sí wọn, àwọn á máa fi mọ́tò gbé Mojísọ́lá lọ sí Àkúrẹ́. Mojísọ́lá bi ìránṣẹ́ náà pé, “Ṣé mọ́tò yín lè lúwẹ̀ẹ́ ni?” Ó gbé ìwé rẹ̀ lọ. N ò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Bá mi kí gbogbo ilé, àti Bọ́láwálé àbúrò rẹ. Àwọn tí o kọ́ níṣẹ́ owó-orí ṣì wà ní ọ́fíìsì. Bá mi bi wọ́n ní iye tí iléeṣẹ́ náà san. Bí o bá rí i, kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sí mi. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ bí mo bá ké e ní Ìjù, wọ́n á gbọ́ ọ ní Ọ̀bà-Ilé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbẹ́nu dákẹ́ rí,
Jethro Adébùsóyè