Alájà Hàlímàt Motúnráyọ̀ Àdìsá (1949–2024): Ìyá tí Kì í Gba “A Dúpẹ́” Lẹ́nu Aláìsàn

A bí Alájà Hàlímàt Motúnráyọ̀ Àdìsá ní ọdún 1949 ní àdúgbò Maourey, nílùú Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger, sínú ìdílé Alàgbà Ṣẹ̀rífù àti Àmínà ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí òwò aṣọ gbé dé ìhín. Yorùbá ni wọ́n fi kẹ́ Màmá nílé, Zarma ni Màmá fi bá ẹgbẹ́ ṣeré, Faransé ni olùkọ́ fi nà wọ́n. Màmá a máa sọ pé ìdí nìyẹn táwọn fi mọ “yéè” ké ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọdún 1971, Màmá di nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Harobanda, lódìkejì odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ìyá arúgbó kan tí itan rẹ̀ kán. Gbogbo ẹni tó bi í pé ara ńkọ́, “Baani samay” ló fi ń dá a lóhùn, pé àlàáfíà ni. Ẹ ṣáà mọ̀ wá níhìn-ín: bí ilé ń jó, ẹni tí a kí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Kò sẹ́ni tó fún un lóògùn ìrora. Ìgbà tí Màmá fẹ́ tún ìbora rẹ̀ ṣe ni wọ́n rí i pé ìyá náà ti fi eyín gé etí aṣọ já.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò gba “a dúpẹ́” gbọ́ mọ́. Wọn á kí aláìsàn tilé-toko, wọn á kí ọmọ, wọn á kí ewúrẹ́, wọn á wá fìdí kalẹ̀: “Kí lo fẹ́ ṣe lónìí tí ara kò jẹ́?” Ọ̀kan á ní òun kò lè forí kanlẹ̀ kírun, òmíràn á ní òun kò lè pọn ọmọ. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń mọ bí ìrora ṣe tó. Bí aláìsàn bá lo òògùn tán, Màmá á padà wá béèrè ohun kan náà. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé àlejò ni ìrora òjijì, kí wọ́n tètè lé e. Pé ayálégbé ni ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, kí wọ́n má ṣáà jẹ́ kó gba pálọ̀.

Ní ọdún 1974, Màmá fẹ́ Alájì Mùtíù Àdìsá, mẹkáníìkì. Baba, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kò lè purọ́ ẹ̀yìn dídùn láti fi sá fún òde àna. Ìbéèrè kan ṣoṣo, àṣírí ti tú. Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí wa ni Màmá, kò sì sí àgbà tí orúnkún ń dùn ní Talladjé, àdúgbò wa, tí kò mọ ìró ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún 2023, jẹjẹrẹ wọ Màmá légungun. Dókítà bi wọ́n, Màmá ní “A dúpẹ́.” Ọmọ bi wọ́n, “A dúpẹ́ o.” Haà, ọ̀gá ìbéèrè! Wọ́n ń rù lójú wa, wọ́n sì ń dẹ́rìn-ín pa àlejò. Ìgbà tó yá ni Zuhrah, ọmọ wọn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó kí wọn títí dórí ewúrẹ́, ó wá béèrè ìbéèrè Màmá lọ́wọ́ Màmá. Màmá rẹ́rìn-ín: “Ọfà mi lo fi ń ta mí?” Lẹ́yìn náà ni omijé bọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ tí ìyàwó Ọláṣẹ́gun, ọmọ wọn ọkùnrin, ń retí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n ife omi gan-an kò ṣeé gbé.

Dókítà fún wọn ní mọ́fíìnì olómi. Màmá kọ̀, wọ́n ní òògùn ẹni tó ń lọ ni. Zuhrah rán wọn létí ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn, pé òògùn ìrora kì í ṣe ìwé ìrìnnà ọ̀run. Wọ́n gbà á. Wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, Zuhrah ń béèrè, títí ọwọ́ fi gbé ife, tó gbé àwo ọbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Màmá gbé ọmọ náà, wọ́n pe orúkọ ìyá tó bí wọn sí i létí: Àmínà. Ọmọ tọ̀ sí wọn láṣọ léèsì. Màmá kò gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 2024, Zuhrah tún béèrè. Màmá ní, “Kò sí. Mo ti ṣe é tán.” Wọ́n sùn, wọn kò jí mọ́.

Wọ́n fi ọmọ sáyé: Ọláṣẹ́gun, Zuhrah àti Tọ́lá, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, àti Àmínà, tó ti ń rìn báyìí.

Màmá, ẹ sùn re o. Bí àwọn ará ọ̀hún bá bi yín pé ara ńkọ́, ẹ sọ pé a dúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, a gbà yín gbọ́.