Èjí Ìyá Rẹ àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbóná

Ekinrin-Adde,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2006.

Fẹ̀hìntọlá ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun Àbújá. Ṣé ara le? Ara àwa náà le, àfi orúnkún mi tí kì í fẹ́ gbọ́ pé òjò ń bọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń ṣe eyín fún ará ayé gbọ̀n láé. A ti wa iṣu tuntun, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sì ti pé èèyàn méjìlélógójì, èmi ṣì ni alága wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń tètè dé ìpàdé.

Kí n yà sí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà rẹ dé, àwòrán eyín tí kọ̀ǹpútà rẹ yà fún ìyá rẹ náà dé, dípò eyín iwájú méjì tó ká nígbà tó ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Kábà. Ìyá rẹ yí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Eyín ta nìyí?" Òótọ́ ló sọ. Wọ́n tò bí hóró àgbàdo, kò sí èjí láàárín wọn. Ó ní kí o gbé e fún ẹlòmíràn, òun ò ní fi ẹnu àlejò darí orin ìkórè. Ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti sọ fún pásítọ̀ pé ìyá rẹ ni yóò darí orin náà.

O ní ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan wà tó lè fi èjí sílẹ̀, pé kọ̀ǹpútà rẹ ló ti dàgbà jù, bí o bá ṣí ètò náà lórí rẹ̀, á gbóná, á kú. O ní kí a ṣe sùúrù di ọdún tuntun. Fẹ̀hìntọlá, níbi ẹ̀kọ́ okòwò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí mo ṣe ní Lọ́kọ́ja, wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rọ tó dúró, olówó rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an lọ́dún tó kọjá. Isaiah mẹkáníìkì kò ní ká sọ ọ́ nù, pístìnì àti ríìngì ló pààrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí, ó ní gbígbóná yẹn, omi ló tán nínú rẹ̀. Mo ní kó má bu omi sí nǹkan kan kó tó bi ọ́. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, òun àti sípánà rẹ̀. Fún un lóúnjẹ kó tó ṣiṣẹ́.

Ti ètò náà tí o ní bí a bá rà á tán a ó tún máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn yé mi, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Iṣu márùn-ún wà lọ́wọ́ Isaiah, gbé e fún onílẹ̀ ètò náà, kí o sì kí i dáadáa.

Ìṣáná kan wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Mo ti kán orí rẹ̀, kó má baà dáná sun lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni. Bó ṣe nípọn ni èjí ìyá rẹ ṣe fẹ̀. N kò wọ̀n ọ́n rí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó kọjú sí i.

Fún Isaiah lówó ọkọ̀ tí yóò fi padà, kí o sì fi díẹ̀ rán an sí wa, aṣọ ìkórè ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń rọ́jú, wàá máa rìn ín gbẹ̀fẹ́.

Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi báyìí. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun lè dúró di ọdún tuntun, kí n má yọ ọ́ lẹ́nu. Ọwọ́ ló fi bo ẹnu sọ ọ́. Má gbọ́ tirẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìbítóyè.