Nọ́ńbà Tí N Kò Fi Ọwọ́ Tẹ̀

Èmi, Stephen Ìṣẹ́gun Ṣódípẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì ní bárékè Ọ̀jọ́, tí mò ń gbé ní Igbó-Elérin, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì dúró tì mí. Láti ìgbà tí Àyìnkẹ́ ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń dúró tì mí fún ohunkóhun. Ayọ̀bámi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni yóò mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣẹ.

1. Dámilárá, ọmọ mi kan ṣoṣo

1.1 Mo fi ilé oníyàrá méjì mi ní Igbó-Elérin sílẹ̀ fún un.

1.2 Òun ló ni kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ìyànà Ìbà, àti àga kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọdún méje rèé tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí àga yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní bárékè, ọwọ́ la fi ń tẹ nọ́ńbà síwájú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, n kò sì ṣì í rí. Ìgbéraga mi nìyẹn. Nígbà tí mo ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Dámilárá ṣètò kọ̀ǹpútà kí ó máa fi nọ́ńbà sí àwọn àkọlé fúnra rẹ̀: 1, lẹ́yìn náà 1.1, lẹ́yìn náà 1.1.1. Ó ní, “Daddy, ẹ má type nọ́ńbà mọ́ o, system máa kà á fúnra ẹ̀.” Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́. Wọ́n kọ́ wa pé ojú akọ̀wé kì í kúrò lára ìwé tó ń wò tẹ̀, nítorí náà n kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo fi nọ́ńbà tèmi lé tirẹ̀. Ẹ̀dà márùn-ún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan la ti dì pọ̀ tán kí a tó rí i pé gbogbo àkọlé ló ní nọ́ńbà méjì méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà sunkún. Mo nawọ́ sí Dámilárá níwájú àwọn oníbàárà, mo ní òun ló ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́, kí ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ. Abẹ́òkúta ló wà báyìí. Wọ́n ní ó ti bímọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣí fáìlì náà, mo rí i pé ìka tèmi ló jẹ̀bi. Ojú tì mí láti pè é. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, pàápàá tí mo bá ń dá jẹun.

2. Muheez, tó ń ta bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi

2.1 Kí ó mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ìdìwé. Ariwo Muheez pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

2.2 Kí ó mú ológbò mi náà. Kì í gbọ́ràn sẹ́nikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n á bára wọn mu.

3. Ìsìnkú mi

Kí ìjọ wọ sùtánà funfun mi fún mi. N kò fẹ́ àṣejù.

Kí Ayọ̀bámi má fi ìwé yìí ránṣẹ́ lórí fóònù. Kí ó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, kí ó kà á fún Dámilárá lójúkojú. Bí Dámilárá kò bá gba ilé, kí Ayọ̀bámi má fi dandan mú un. Kí ọmọ mi ṣáà gbọ́ apá ìkẹyìn yìí.

Dámilárá, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìjọ ni mo fún ní ilé. Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀, ní 3.1.1, lábẹ́ àkọlé kọ̀ǹpútà. Mo wò ó títí. Ọmọ mi, lábẹ́ irin iṣẹ́! Mo wá tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé àkọlé sókè, èyí tí o fi hàn mí nígbà náà, mo gbé ọ sókè lẹ́ẹ̀mejì, láti ìpele kẹta dé ìpele kìíní, mo sì fà ọ́ wá síwájú gbogbo wọn. Àwọn yòókù tún ara wọn kà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ojú kọ̀ǹpútà ni mò ń wò láti òkè délẹ̀ ìwé yìí, n kò sì fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà àkọlé kankan.

Ọwọ́ mi rèé: S. Ì. Ṣódípẹ̀
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Àwọn tó rí mi bí mo ṣe fọwọ́ sí i:
Sherif Ọ̀pẹ́yẹmí, télọ̀, Ìyànà Ìbà
Àmínà Bùsàrí, aláṣọ, Igbó-Elérin