Ikọ́ Adúmáadán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Alága wá lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń ṣe alága lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi í ṣe alága lé lórí. Kò jókòó. Kò mu omi. Tààrà ló lọ síbi tí Adúmáadán, alùpùpù Bàbá, dúró sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi nínú ọgbà, ó fa téèpù yọ, ó ń wọn ọ́n bí ẹni ń wọn òkú fún pósí.

Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ọ̀gá náà fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́. Mo ní ó dáa, kó wá gùn ún. Rárá o — ara ògiri ló fẹ́ gbé e kọ́! Kí àwọn àlejò máa wò ó bí wọ́n bá ń mu ọtí. Alága sì ti ṣèlérí. Ó ti ṣèlérí kó tó bi mí, kó tó bi Bàbá tó ni ín. Ọjọ́ kejìlélógún ni ọkọ̀ ẹrù máa wá gbé e. Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Tiwa, ògiri olówó la fẹ́ fi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí Alága: "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà." Àkọ́bí rẹ̀ ló ń pè ní tíṣà. Ọdún kẹta rèé tí ìrántí Bàbá ti ń jò bíi garawa tó lu.

Alága ní ṣé mo rí i, ẹni tí kò mọ ọmọ, alùpùpù wo ló fẹ́ mọ̀? Ó ní irin tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, òkú ni. Mo ní tí mo bá jí òkú náà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí mo bá jí i, tí Bàbá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tòun nìyí, òun á lọ bẹ ọ̀gá òun. Ẹ̀rín yẹn! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo tú kabúrétọ̀ rẹ̀. Tí alùpùpù àtijọ́ bá ń ṣàìsàn, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wò. Epo ti gbẹ sínú rẹ̀, ó dì bí oje igi. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni wáyà tí Bàbá fi dè é. Téèpù. Àti — kí n kúkú kọ ọ́ — awẹ́ sálúbàtà rọ́bà kan tí Bàbá fi ọ̀bẹ gé róbótó kí epo má baà jò. Sálúbàtà! Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Kabúrétọ̀ ládùúgbò. Àwọn èèyàn ń gbé alùpùpù ayé bàbá wọn wá bá mi láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá tó bí mi lọ́mọ wá ń fi sálúbàtà gun alùpùpù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo fi omi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ se kabúrétọ̀. Nínú ìkòkò mi tó dára jù. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ti mú arúfin náà. Ọmọ odó ni. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́: irin kékeré tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú kabúrétọ̀ bí èèyàn bá yí ọwọ́ epo. Ihò tó ń gbé ni odó. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ odó náà ti jẹ. Bí mo ṣe tì í bọ inú odó, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín arúgbó. Afẹ́fẹ́ tí a ò pè ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí Adúmáadán fi ń wúkọ́ ní gbogbo ayé rẹ̀ — kọ̀hún, kọ̀hún-kọ̀hún, á dákẹ́, kọ̀hún.

Láti oríta la ti ń gbọ́ ọ. Màámi á ní, "Bàbá yín ti dé," á sì gbé omi ìwẹ̀ kaná. Bí mo bá ní kí Bàbá jẹ́ kí n wò ó, á ní kò sí ohun tó ṣe é, ó kàn ń kí wa ni. Kí wa! Àìsàn ni! Ogójì ọdún ni ẹ̀rọ fi ń ṣàìsàn, wọ́n ń pè é ní ìkíni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Alága rán "mẹkáníìkì gidi" sí mi. Ó ní kó wá fi ojú ọkùnrin wò ó. Gidi wo? Ó wọlé, ó wo ṣọ́ọ̀bù yíká, ó ní, "Màmá, ọ̀gá ibí ńkọ́?" Mo ní ọ̀gá ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Ó mú irin kékeré tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí ihò rẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó ní kí òun fi irin lu ú kó fẹ̀ sí i, kí epo lè máa ṣàn dáadáa. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́! Mo gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọ̀nà hàn án. Aránṣọ òdìkejì ní ohùn mi borí ariwo ẹ̀rọ òun.

Bàbá ní kí n yé jágbe mọ́ oníbàárà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onírin, tó ń fi ẹ̀rọ yí irin. Kò bi mí bóyá ọkọ mi ló rán mi. Nítorí ìyẹn nìkan, Ọlọ́run á bùkún un. Mo ní kó fi idẹ gé ọmọ odó tuntun fún mi, kó sanra díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, kó lè kún inú odó. Ó wọn ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fẹ́ ju ti àtijọ́ sórí òkìtì irin rẹ̀, mo já a gbà, mo sọ ọ́ sí àpò épúrọ́ọ̀nù mi. Ahun ni mí, mi ò kì í da nǹkan nù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Láti àárọ̀ ni Bàbá ti ń pè mí ní ìyàwó, bí ẹni pé ṣe ni wọ́n fẹ́ mi wá sínú ilé yìí. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo ní, "Ọmọ yín ni mí, Bàbá." Ó ní, "A dúpẹ́, a dúpẹ́," bí ìgbà tí èèyàn ń dá àlejò lóhùn. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ìwé. Ó dùn mí, ó tún bí mi nínú, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Mo bá fi gbogbo ọ̀sán fọ púlọ́ọ̀gì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọmọ odó tuntun dé. Ó wọnú odó wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò mì, kò há.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó jí! Ó jí! Ó jí!

Mo to gbogbo rẹ̀ padà. Mo fi awọ gidi dípò sálúbàtà. Epo tuntun. Mo fi ẹsẹ̀ ta á, ẹ̀ẹ̀kejì ló gbé e. Kò wúkọ́. Kò wúkọ́ rárá! Ó ń dún jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Mo jó. Èmi àgbàlagbà, mo jó tòun ti òróró lára. Aránṣọ wá bá mi jó. Bàbá ti sùn nínú yàrá, mi ò jí i. Ojú Alága ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Mo ti tẹ Alága láago. Kó wá lọ́la. Kó tiẹ̀ mú ọ̀gá rẹ̀ dání.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́.

Wọ́n wá. Ọ̀gá náà — Ara-Ògiri lorúkọ tí mo fún un — wọ funfun, kò fẹ́ kí ohunkóhun kan òun. Mo ta Adúmáadán lẹ́ẹ̀kan péré, ó dáhùn. Ojú Alága yí padà. Mo kọjú sí Bàbá, mo ní, "Bàbá, alùpùpù ta nìyí?"

Bàbá tẹ́tí. Ó tẹ́tí dáadáa, mo rí i. Ó wá mi orí. Ó ní ti ẹlòmíì ni, ó máa jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Ó ní kí n bẹ ẹni tó ni ín kó gbé e kúrò níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Adúmáadán máa ń dúró sí.

Alága ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ṣé o gbọ́?" Ara-Ògiri pàtẹ́wọ́: ó ní ó tún wá dáa jù báyìí, wọ́n á lè máa tan án fún àlejò pàtàkì. Àṣé àwọn ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Olè ń bọ̀, èmi ni mo ń bá a di ẹrù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo bínú sí Alága. Mo bínú sí ọ̀gá rẹ̀. Mo bínú sí Bàbá. Mo ti kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ jáde níbí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Nírọ̀lẹ́, Bàbá kọjú àga rẹ̀ sí ìta, ó ń wo ọ̀nà. Mo ní kó wọlé, òtútù ti ń mú. Ó ní rárá, òun ń dúró de Adúmáadán. Mo ní — ohùn mi ò dáa, mo mọ̀ — mo ní Adúmáadán ló wà lẹ́yìn yín yẹn, ẹ bojú wẹ̀yìn! Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Kò tíì dé. Mi ò tíì gbọ́ ikọ́ rẹ̀."

Ikọ́.

Ikọ́ tí mo wò sàn! Ikọ́ tí mo lé jáde bí ẹni lé ọ̀tá! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò épúrọ́ọ̀nù kí n tó mọ ohun tí mò ń wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Kí Bàbá Onírin má gbọ́. Mo tiẹ̀ dá awẹ́ sálúbàtà padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọkọ̀ ẹrù dé. Alága, Ara-Ògiri, àti ọkùnrin méjì tó di okùn mú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tan án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Bàbá tún gbọ́ ọ. Alága ní ṣé ojú ò tì mí ni.

Mo ta á. Kò dáhùn. Mo ta á, mo tún un ta. Òógùn bò mí. Ọmọ odó àtijọ́ ló wà nínú odó, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Mi ò ṣe irú iṣẹ́ burúkú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ara-Ògiri ní kí ló dé, ṣé mo ti bà á jẹ́ ni? Bà á jẹ́! Ṣe ni mo tún un ta. Àwọn olókùn ti ń sún mọ́ ọn.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu." Ó dìde. Kò sí ẹni tó dì í mú, ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ibi tí kabúrétọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Èmi, Ìyá Kabúrétọ̀, mo ti gbàgbé. Ó ní, "Ó yá." Mo ta á.

Kọ̀hún. Kọ̀hún-kọ̀hún. Ó dákẹ́. Kọ̀hún. Ó gbé e.

Bàbá fi ọwọ́ gbá ìjókòó rẹ̀ bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn. "Adúmáadán mi! Ibo lo ti wà látàárọ̀?" Ó wá wo Ara-Ògiri látòkè délẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ ríra ni wọ́n bá wá, òun ò ta Adúmáadán òun, òun á gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ara-Ògiri wo Alága. Alága wo ilẹ̀. Ọkọ̀ lọ lófìfo.

Alága jókòó. Ó jókòó! Ó ní òun ti gbàgbé pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Mo bu omi fún un.

Bàbá pè mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tó dúdú fún òróró, ó sì wò mí lójú fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo rò pé ó ti mọ̀ mí.

Ó ní, "Ìyàwó, bá mi kí mẹkáníìkì tó tún un ṣe. Ọkùnrin yẹn mọṣẹ́."

Ọkùnrin yẹn!

Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá. Màá bá yín kí i.